Ìṣẹ̀dá Ọmọ Ènìyàn Lójú Àwọn Mùsùlùmí: Láti Amọ̀ Ànábì Àdámọ̀ Dé Ìmọ̀ Ẹfolúṣọ̀n

Ìtàn ìṣẹ̀dá ènìyàn kò dúró sójú kan nínú Àlùkùránì. Súrà méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ̀rọ̀ Ànábì Àdámọ̀ àti Ìbìlísì, ibi tí ọ̀kan bá sì ti gé ọ̀rọ̀ kúrú ni òmíràn ti ń fà á gùn. Nínú Súrà Bàkárà, Ọlọ́hun fi tó àwọn màláíkà létí pé òun yóò fi àrólé kan sórí ilẹ̀. Àwọn màláíkà béèrè bóyá ẹni tí yóò máa ba ilẹ̀ jẹ́, tí yóò máa ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ni wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀. Ọlọ́hun wá kọ́ Àdámọ̀ ní orúkọ gbogbo nǹkan, ìmọ̀ tí àwọn màláíkà kò ní. Súrà mìíràn sọ ohun tí a fi mọ ọ́n: iyẹ̀pẹ̀, amọ̀, ẹrẹ̀ dúdú, amọ̀ gbígbẹ tó ń dún bí ìkòkò. Lẹ́yìn tí a fẹ́ ẹ̀mí sí i, a pàṣẹ pé kí wọ́n forí balẹ̀ fún un, Ìbìlísì tí a fi iná dá sì kọ̀ jálẹ̀.

Ohun tí Àlùkùránì kò sọ pọ̀ bí èyí tó sọ. Kò dárúkọ ọdún tí ìṣẹ̀dá wáyé, kò ka iye ìran tó wà láàárín Àdámọ̀ àti Ànábì Muhammad, kò sọ bí ìgbà tí a fi mọ amọ̀ náà ṣe gùn tó, kò sì dárúkọ Háwáù. Ìyàwó Àdámọ̀ nìkan ló pè é. Ó tún ní àwọn ẹsẹ tó lè gba ìtumọ̀ ju ẹyọ kan lọ: pé láti inú omi ni gbogbo ohun abẹ̀mí ti wá, pé ìpele-ìpele ni a dá ènìyàn, pé láti ara ẹ̀mí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Àwọn àlàfo wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ti ń dí fún ohun tó lé ní 1,300 ọdún. Nígbà tí ìmọ̀ ẹfolúṣọ̀n dé, ìyẹn ìmọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni ohun abẹ̀mí ń yí padà láti ìran dé ìran títí ẹ̀yà tuntun fi ń jáde, inú àwọn àlàfo yìí kan náà ni àríyànjiyàn rẹ̀ ti wáyé.

Ìtàn àwọn àgbà àti ohun tí ojú rí

Hádíìsì ló kọ́kọ́ fi kún ìtàn náà. Nínú àkójọ Bukhari (810–870) àti ti Muslim, ẹni tó kú ní 875, a kà pé ọjọ́ Jímọ̀ ni a dá Àdámọ̀, pé ìgbọ̀nwọ́ 60 ni gíga rẹ̀, tí í ṣe nǹkan bíi mítà 27, àti pé láti ìgbà náà ni ènìyàn ti ń kéré sí i. A tún kà pé láti ara egungun ìhà ni a dá obìnrin, àwọn olùtumọ̀ sì so èyí mọ́ Háwáù.

Lẹ́yìn hádíìsì ni ìtàn àtẹnudẹ́nu. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wá láti ẹnu àwọn ará Yemen tó mọ ìtàn àwọn Yẹhúdì dáadáa, bíi Ka'b al-Ahbar àti Wahb ibn Munabbih. Al-Tabari (839–923), tí a bí sí Amul ní Páṣíà tó sì lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Baghdad, kó àwọn ìtàn náà jọ sínú ìwé ìtàn àgbáyé rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé orí òkè kan ní Sarandib, ìyẹn Sri Lanka, ni Àdámọ̀ balẹ̀ sí nígbà tí a lé e kúrò ní àlùjánnà, àti pé Jidda ni Háwáù balẹ̀ sí. Òkè náà di ibi àbẹ̀wò. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, gùn ún ní 1344.

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wọlé. Ibn Kathir ará Damascus, tó kú ní 1373, kìlọ̀ léraléra pé ohun tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Yẹhúdì wá kì í ṣe ẹ̀rí tí a lè gbé ẹ̀sìn lé. Ti gíga Àdámọ̀ tún le jù, nítorí hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni. Ibn Khaldun (1332–1406) ti kọ̀wé pé àwọn ará àtijọ́ kò ga jù wá lọ, pé ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ilé tí àwọn Thamud, ẹ̀yà ayé àtijọ́ kan, gbẹ́ sínú àpáta, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ju tiwa lọ. Ibn Hajar al-Asqalani (1372–1449), ẹni tí àlàyé rẹ̀ lórí Bukhari ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ààfáà títí dòní, kọjú sí ilé Thamud yìí kan náà. Bí ènìyàn bá ń kéré sí i láti ìgbà Àdámọ̀, ó yẹ kí àwọn Thamud ga jù wá lọ fíìfíì, ilé wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn. Kò sọ hádíìsì náà nù, kò sì sẹ́ ohun tí ojú rí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò tíì rí ojútùú sí i. Ó ju 400 ọdún lọ lẹ́yìn náà kí Charles Darwin tó kọ ìwé rẹ̀ lórí ẹfolúṣọ̀n.

Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé Àdámọ̀ kọ́ ni ẹ̀dá àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀. Ìbéèrè àwọn màláíkà nípa ìtàjẹ̀sílẹ̀ ló mú kí ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ sọ pé àwọn àlùjànnú ti gbé ilẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì ti jà á bàjẹ́. Láàárín àwọn Ṣíà, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n gbà pé ó ti ẹnu Ìmámù Muhammad al-Baqir jáde, tó ní Àdámọ̀ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti wà ṣáájú èyí tí a mọ̀. Ibn Arabi (1165–1240), onísúfí ará Spéìn, náà kọ nípa àwọn Àdámọ̀ tó ṣáájú Àdámọ̀.

Àwọ̀ ara àti ìran

Bí ọmọ baba kan náà ṣe di dúdú, funfun àti pupa tún jẹ́ ìbéèrè mìíràn. Hádíìsì kan tí Abu Dawud àti Tirmidhi kọ sílẹ̀ dáhùn pé ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ láti gbogbo orí ilẹ̀ ni Ọlọ́hun bù mọ Àdámọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi rí bí oríṣiríṣi ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ka ìran, pé Ànábì Núhù gégùn-ún fún ọmọ rẹ̀ Hamu, àti pé ègún náà ló sọ àwọn ọmọ Hamu di dúdú àti ẹrú.

Al-Jahiz ará Basra, tí a bí ní nǹkan bíi 776, ti sọ pé ilẹ̀ àti omi ni ó ń pa ènìyàn láwọ̀ dà. Ó tọ́ka sí ilẹ̀ òkúta dúdú kan ní Arébíà, tó ní àti ènìyàn àti ẹranko ibẹ̀ ló dúdú. Ibn Khaldun ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìwé Táórà tó sọ̀rọ̀ ègún náà kò mẹ́nu ba àwọ̀ rárá, ooru oòrùn ló ń mú ara dúdú, òtútù ló sì ń mú un funfun.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Ní 1615, Ahmad Baba ti Timbuktu dáhùn ìbéèrè tí àwọn ará Tuwat fi ránṣẹ́ sí i nípa oko ẹrú. Ó lo ọ̀rọ̀ Ibn Khaldun láti fi ta ko ègún Hamu, ó ní àwọ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú. Nínú ìdáhùn yẹn, ó to orúkọ àwọn ẹ̀yà tí kò tíì gba Ìsìláàmù, Yorùbá sì wà nínú wọn; ó wà lára àwọn àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tí orúkọ náà ti hàn. Ní 1812, Muhammad Bello ti Sókótó kọ nínú Infaq al-Maysur pé ìyókù àwọn ọmọ Kénáánì, nínú ìran Nímúrọ́dù, ni àwọn Yorùbá. Ohun tí àwọn onítàn Mùsùlùmí máa ń ṣe fún gbogbo ẹ̀yà ni Bello ṣe: wọn a wá ibi tí wọn yóò ti so wọ́n mọ́ àwọn ọmọ Núhù. Samuel Johnson gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí a tẹ̀ jáde ní 1921.

Àkàbà àwọn ẹ̀dá

Bí àwọn onítàn ti ń ka ìran, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ń to àwọn ẹ̀dá ní ipò-ipò. Ìwé Aristotle lórí àwọn ẹranko, tí a ti túmọ̀ sí èdè Lárúbáwá, wà lọ́wọ́ al-Jahiz nígbà tó kọ Kitab al-Hayawan, ìwé alápá méje lórí àwọn ẹranko. Ó ṣàpèjúwe bí ẹranko kan ṣe ń jẹ èyí tó kéré sí i, tí èyí tó tóbi jù ú lọ sì ń dọdẹ òun náà, àti bí ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ṣe ń nípa lórí ìrísí wọn.

Ní ọ̀rúndún kẹwàá, ẹgbẹ́ kan ní Basra tó fi orúkọ ara rẹ̀ pa mọ́, tó ń pe ara rẹ̀ ní Ikhwan al-Safa, kọ lẹ́tà 52 lórí gbogbo ìmọ̀ ayé. Wọ́n to ẹ̀dá láti orí òkúta dé orí ewéko, láti ewéko dé ẹranko, láti ẹranko dé ènìyàn, láti ènìyàn dé màláíkà. Ọ̀pẹ dàbínù ló wà lókè pátápátá láàárín ewéko, nítorí pé ó ní akọ àti abo, bí a bá sì bẹ́ ẹ lórí, kíkú ló ń kú bí ẹranko. Nínú ẹranko, ọ̀bọ sún mọ́ ènìyàn ní ìrísí, ẹṣin sún mọ́ ọn ní ìwà, erin ní òye. Nínú lẹ́tà kan, wọ́n pìtàn bí àwọn ẹranko ṣe pe ènìyàn lẹ́jọ́ níwájú ọba àwọn àlùjànnú nítorí ìlòkulò.

Miskawayh (932–1030) àti Nasir al-Din Tusi (1201–1274) gba ọ̀nà àkàbà yìí. Al-Biruni, nínú ìwé rẹ̀ lórí Íńdíà ní ọ̀rúndún kọkànlá, kọ pé bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa irè tó fẹ́, tó ń fa ìyókù tu, bẹ́ẹ̀ ni oyin ń pa ọ̀lẹ àárín wọn. Ìṣẹ̀dá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun kì í yà sọ́tọ̀. Nígbà tó di 1377, ní ilé olódi kan ní Àlgéríà òde òní, Ibn Khaldun parí Muqaddimah. Ó kọ níbẹ̀ pé òpin ipò ewéko, bíi ọ̀pẹ àti àjàrà, so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ipò ẹranko, bíi ìgbín, àti pé láti ipò ọ̀bọ, tó ní òye ṣùgbọ́n tí kò lè ronú jinlẹ̀, ni a ti ń gòkè dé ipò ènìyàn.

Nítorí irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí, J. W. Draper ará Amẹ́ríkà kọ ní 1874 pé àwọn Mùsùlùmí ti ní ìmọ̀ ẹfolúṣọ̀n tiwọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń tún un sọ títí dòní. Ṣùgbọ́n ipò ni àkàbà àtijọ́ ń fi hàn. Kò sí nínú rẹ̀ pé ọ̀bọ kan bí ọmọ, tí ọmọ náà bí ọmọ, títí ìran náà fi di ènìyàn, kò sì sí àlàyé nípa ohun tó ń fa ìyípadà bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n Ọlọ́hun nínú ètò ẹ̀dá ni àwọn onímọ̀ náà fẹ́ fi hàn.

Ìlànà tó wá wúlò jù fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn wá láti ọ̀dọ̀ al-Ghazali (1058–1111), ẹni tí kò fara mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí. Ó sọ pé ẹni tó bá fi orúkọ ẹ̀sìn sẹ́ ohun tí ìṣirò ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, bíi bí oòrùn àti òṣùpá ṣe ń ṣókùnkùn, ẹ̀sìn ló pa lára. Ó tún là á sílẹ̀ pé ìtumọ̀ tó hàn gbangba ni a ó gbà nínú ẹsẹ, àfi bí ẹ̀rí tó dájú bá fi hàn pé kò ṣeé gbà bẹ́ẹ̀. Ó sì ní Ọlọ́hun ló ń jó òwú, kì í ṣe iná fúnra rẹ̀: ohun tí ojú ń rí bí okùnfà kàn jẹ́ ìṣe Ọlọ́hun tó máa ń tẹ̀ léra ni.

Darwin dé ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí

Ìwé Charles Darwin lórí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ẹ̀yà jáde ní 1859, èyí tó kan ènìyàn ní tààrà sì tẹ̀ lé e ní 1871. Inú ìwé ìròyìn al-Muqtataf, tí àwọn Nàsárà méjì, Ya'qub Sarruf àti Faris Nimr, dá sílẹ̀ ní Beirut ní 1876, ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé èdè Lárúbáwá ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ìjà ńlá àkọ́kọ́ lórí Darwin níbẹ̀ kì í ṣe láàárín Mùsùlùmí. Ní 1882, Edwin Lewis, olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà ní Beirut, yin Darwin níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Àwọn míṣọ́nnárì bínú, ó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fárígá.

Jamal al-Din al-Afghani ti kọlu Darwin ní 1881 nínú ìwé tó kọ ní Hyderabad ní Íńdíà. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lójú Darwin, eégbọn lè di erin bó pẹ́ bó yá. Ó ní àwọn Lárúbáwá àti Yẹhúdì ti ń dá abẹ́ fún ọmọ wọn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, síbẹ̀ a kò rí ọmọ tí a bí pẹ̀lú abẹ́ dídá. Àwọn tó ní kò sí Ọlọ́hun ni al-Afghani dojú kọ ní tòótọ́. Ó rí Darwin bí ohun ìjà lọ́wọ́ wọn.

Husayn al-Jisr (1845–1909), ààfáà ará Tripoli ní Lẹ́bánónì, gba ọ̀nà mìíràn nínú ìwé tó gbé jáde ní 1888 lórúkọ Sultan Abdulhamid Kejì. Ó lo òṣùwọ̀n al-Ghazali. Ó ní ìtumọ̀ tó hàn gbangba nínú Àlùkùránì ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a dá ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rí Darwin kò sì tíì dájú tó láti yí i padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí tó dájú bá dé, a lè tún ẹsẹ wọ̀nyí túmọ̀, ìgbàgbọ́ kò sì ní yingin, nítorí Ọlọ́hun náà ni Ẹlẹ́dàá yálà ó dá nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà tàbí díẹ̀díẹ̀.

Ní Kaíró, Muhammad Abduh (1849–1905) sọ nínú tàfúsírì rẹ̀ pé Súrà kẹrin kò sọ ní pàtó pé Àdámọ̀ ni ẹ̀mí kan ṣoṣo tó mẹ́nu bà. Ní 1918, Isma'il Mazhar gbé orí márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ìwé Darwin jáde ní èdè Lárúbáwá. Ní 1930, Muhammad Iqbal, akéwì àti onímọ̀ ará Íńdíà, kọ pé ìtàn Àdámọ̀ nínú Àlùkùránì ń sọ bí ọkàn ènìyàn ṣe jí sí òmìnira, kì í ṣe bí ènìyàn ṣe kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀.

Egungun inú ilẹ̀ àti àwọn èrò òde òní

Ẹ̀rí tí al-Jisr ní kò tíì tó pọ̀ sí i lẹ́yìn ikú rẹ̀, apá púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wá láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2001, a rí agbárí kan ní aṣálẹ̀ Djurab ní orílẹ̀-èdè Chad, tí wọ́n sọ ní Toumaï. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù 6 sí 7 ọdún. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kéde pé egungun ènìyàn láti Jebel Irhoud ní Mòrókò ti tó nǹkan bíi 300,000 ọdún. Nínú ihò àpáta Ìhò Ẹlẹ́ẹ̀rù nítòsí Ìsàrun, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn òṣìṣẹ́ Thurstan Shaw wú egungun ènìyàn jáde ní 1965. Àyẹ̀wò tí a tẹ̀ jáde ní 2011 fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí àárín 11,000 sí 16,000 ọdún, ó sì fi hàn pé ìrísí agbárí náà jọ ti àwọn ènìyàn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò jíìnì náà fi hàn pé ènìyàn àti ìnàkí jọ sún mọ́ra gidigidi.

Ìdáhùn àwọn Mùsùlùmí kò ṣọ̀kan. Adnan Oktar ará Túrkì, tó ń kọ̀wé lórúkọ Harun Yahya, tẹ ìwé ńlá aláwòrán kan jáde ní 2006 láti ta ko ẹfolúṣọ̀n, ó sì fi í ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Seyyed Hossein Nasr, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Ìránì, kọ̀ ọ́ látorí ìlànà pé ohun tó rẹlẹ̀ kò lè bí ohun tó ga jù ú lọ. Ní 2017, ìjọba Túrkì kéde pé òun yóò yọ ẹfolúṣọ̀n kúrò nínú ẹ̀kọ́ ilé ìwé gíráámà. Ní Ìránì, ó wà nínú ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì. Ní Jọ́dánì, Rana Dajani, onímọ̀ nípa jíìnì tó jẹ́ Mùsùlùmí, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ẹfolúṣọ̀n.

Shoaib Ahmed Malik, nínú ìwé tó gbé jáde ní 2021 lórí al-Ghazali àti ẹfolúṣọ̀n, pín èrò àwọn Mùsùlùmí sí mẹ́rin. Àwọn kan kọ ẹfolúṣọ̀n pátápátá. Àwọn kejì gbà á fún ewéko àti ẹranko, ṣùgbọ́n wọ́n yọ gbogbo ọmọ ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Àwọn kẹta gbà pé ènìyàn lè ti wà nípasẹ̀ ẹfolúṣọ̀n, ṣùgbọ́n Àdámọ̀ àti Háwáù ni Ọlọ́hun dá láìní baba, láìní ìyá. Àwọn kẹrin kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, wọ́n sì ń túmọ̀ ìtàn Àdámọ̀ gẹ́gẹ́ bí àkàwé tàbí bí ọ̀rọ̀ nípa ipò ènìyàn níwájú Ẹlẹ́dàá.

Lára Àdámọ̀ fúnra rẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti le jù. Àlùkùránì fi ìṣẹ̀dá Ànábì Ísá, tí kò ní baba, wé ti Àdámọ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé èyí sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu tí a kò lè fi àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì dá lẹ́jọ́. David Solomon Jalajel, nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní South Africa ní 2009, gba ibẹ̀ wọlé: ìṣẹ̀dá Àdámọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìyanu jẹ́ ohun tí ẹ̀sìn fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn kò sọ bóyá àwọn ẹ̀dá mìíràn tó jọ ènìyàn wà lórí ilẹ̀ nígbà tí ó balẹ̀, tàbí bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ bá wọn fẹ́. Níbi tí ẹ̀sìn bá ti dákẹ́, ó ní kí onígbàgbọ́ má ṣe fi orúkọ ẹ̀sìn gbà á, kí ó má sì fi kọ̀ ọ́; kí ó fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń wú egungun àti àwọn tó ń ka jíìnì.